Kí ni "Yo-Yo 880" tí kóòṣì kọ síwájú orúkọ ọmọ yín?

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù ní akádẹ́mì, bóyá Kabba lẹ wà ni o, bóyá Isanlu tàbí Egbe, ẹ ó ti rí i pé kóòṣì á kàn ju orúkọ àwọn ọmọ sórí WhatsApp, á kọ 640, 880, 1120 síwájú wọn, kò sì ní sọ nǹkan kan mọ́, ni bàbá kan á bá bèèrè pé "Kóòṣì, ṣé ọmọ tèmi pàsí sha?" Kò sí pàsí, kò sí féèlì níbẹ̀. Yo-Yo ni orúkọ eré sísá kan tí wọ́n fi ń dán àwọn agbábọ́ọ̀lù wò, mítà sì ni nọ́ńbà yẹn. Iye mítà tọ́mọ náà sá kó tó di pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́ ni.

Jens Bangsbo, ará Denmark tó mọ̀ nípa bí ara agbábọ́ọ̀lù ṣe ń ṣiṣẹ́, ló gbé Yo-Yo jáde. Kó tó dé, èyí táwọn kóòṣì wa mọ̀ jù, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń lò títí dòní, ni ti Cooper, ìyẹn pé kéèyàn sáré fún ìṣẹ́jú 12, kí wọ́n wá wo ibi tó sá dé. Kenneth Cooper, dókítà iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfúrufú Amẹ́ríkà, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1968. Kò burú, ṣùgbọ́n ta ló ń fi ìṣẹ́jú 12 sáré láìdúró nínú bọ́ọ̀lù? Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù á sá, á dúró, á rìn díẹ̀, á yí padà, á tún já a mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ki ìsinmi kékeré bọ inú Yo-Yo.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á gbé kóònù méjì síra, mítà 20 ni àárín wọn, wọ́n á tún gbé ọ̀kan sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, mítà 5. Fóònù pẹ̀lú sípíkà á máa dún bíìpù. Tó bá dún, ọmọ á sáré lọ, tó bá máa dún lẹ́ẹ̀kejì ó gbọ́dọ̀ ti dé kóònù ọ̀ún, á yí padà, kí ẹ̀kẹta tó dún ó gbọ́dọ̀ ti padà sílé. Mítà 40 nìyẹn. Ó wá ní sẹ́kọ́ǹdì 10 péré láti rìn yí kóònù ẹ̀yìn po, kó padà wá dúró, bíìpù tún ti dún nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré ọmọdé ni, kìlómítà 10 ní wákàtí kan, àwọn ọmọ á tiẹ̀ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bíìpù ń yára sí i, ẹ̀rín á sì tán. Tọ́mọ ò bá bá bíìpù débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìkìlọ̀ ni, tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó jáde. Ẹni tó gba 880 lọ-bọ̀ ìgbà 22, wọn ò ka ìrìn ìsinmi mọ́ ọn, ibi tó sì ti dúró yẹn, kìlómítà 15 ní wákàtí kan ni eré náà ti dé, ìyẹn ni pé mítà 40 ò gbọdọ̀ gbà á tó sẹ́kọ́ǹdì 10. Kì í ṣe eré kékeré o!

Èyí tí mo sọ yìí ni wọ́n ń pè ní IR1, ìyẹn ìpele kìíní. IR2, ìpele kejì, wà tó jẹ́ pé kìlómítà 13 ní wákàtí kan ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ti àwọn tó ti gbó nídìí eré nìyẹn, ẹ má gbà kí wọ́n gbé e fún ọmọ yín. Fún àwọn kéékèèké, mítà 16 ni wọ́n máa ń lò dípò 20. Ẹ sì jẹ́ kí kóòṣì fi téèpù káfíńtà wọn ilẹ̀ o jàre, torí àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ kà á, tí 20 bá sì ti di 18, irọ́ ni gbogbo nọ́ńbà tó bá tibẹ̀ jáde.

Ohun tí nọ́ńbà yìí ń sọ ni bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ṣe ń gbé atẹ́gùn fún iṣan, àti bí ara rẹ̀ ṣe ń tètè balẹ̀ láàárín eré kan sí èkejì. Kò sọ bóyá ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ẹni tó gba 1120 lè má mọ ibi tó máa gbé bọ́ọ̀lù sí.

Ibi tọ́rọ̀ wá wà gan-an nìyí. Ọmọkùnrin méjì, ọdún 14 làwọn méjèèjì, ọ̀kan ti hu irunmú, ohùn rẹ̀ ti ki, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, èkejì ṣì dà bí ọmọ pírámárì. Ta lẹ rò pé ó máa sá jù? Ọkùnrin sábà máa ń yára ga jù ní bí ọmọ ọdún 14, obìnrin ní bíi 12, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíì máa ń yá, ti ẹlòmíì máa ń pẹ́. Tí kóòṣì bá wá to orúkọ láti orí ẹni tó sá jù, tó ní àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ lòun fẹ́ mú, àwọn tí ìbàlágà wọ́n yá ló mú yẹn, ó sì rò pé ẹ̀bùn lòun ń mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáko nílẹ̀ Òkun mọ̀ pé kì í ṣe iṣu tó kọ́kọ́ hù ló máa ń tóbi jù tá a bá wà á. Ọmọ tó ń ga lójijì náà wà o, ẹsẹ̀ á gùn kí ara tó mọ bó ṣe máa lò ó, orúnkún á máa dùn ún, nọ́ńbà rẹ̀ lè má lọ sókè tàbí kó tiẹ̀ já wálẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹ má pariwo mọ́ ọn pé ó ń ṣe ọ̀lẹ. Ohun tó dáa ni kí kóòṣì máa kọ bọ́mọ ṣe ga sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà rẹ̀, kó sì fi tòní wé tàná ọmọ kan náà.

Ti "ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù", ìyẹn ká dín ọjọ́ orí ọmọ kù nítorí bọ́ọ̀lù, náà wà ńbẹ̀, ẹ má díbọ́n, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ní 2009 tí Nàìjíríà gbàlejò ife àgbáyé àwọn tí ò tíì ju ọdún 17 lọ, ọdún yẹn ni FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI wo egungun ọrùn-ọwọ́ níbẹ̀ láti mọ ẹni tó ti dàgbà jù. Tẹ́ ẹ bá kọ 13 fọ́mọ ọdún 16, 1120 rẹ̀ á dùn wò, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, kóòṣì á kàn gbé iṣẹ́ tí kò bá ara ọmọ mu fún un, á sì fi ọmọ ọdún 13 tòótọ́ sílẹ̀.

Pápá àti ojú ọjọ́ ńkọ́? Àárọ̀ ọyẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀sán oṣù kẹta lórí ilẹ̀ yangí, bàtà yàtọ̀ síra, ọmọ tó ti oko dé láàárọ̀ Sátidé ò lè sá bí ẹni tó sùn dáadáa. Ìgbà kan náà, pápá kan náà, ní bí oṣù méjì sí mẹ́ta síra, ó tó. Èyí tí mi ò ní fi ṣeré ni jẹ́nótáìpù: ọmọ SS ò gbọdọ̀ sá títí tó máa fi rẹ̀ ẹ́ pátápátá láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ gbà, AS pàápàá, kí wọ́n má fi omi dù ú nínú oòrùn. Ẹni tó ní asímà, ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, ẹ sọ fún kóòṣì kó tó tan fóònù rẹ̀.

Tí líìsì bá tún wá jáde, ẹ bi í pé èló lọmọ mi gbà nígbà tó kọjá, báwo ló ṣe ga nígbà yẹn, ìgbà wo nínú ọjọ́ lẹ ṣe é. Tó bá ní òun ò kọ ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan fún un.