Ta Ló Wà Nínú Àwo Tijuana Brass?

Bí àwo àtijọ́ Herb Alpert & the Tijuana Brass bá ń dún, ẹ máa gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé, "Àwọn ọmọ Mẹ́síkò yìí mọ fèrè fọn o!" Lóòótọ́, ìlú kan ní Mẹ́síkò ni Tijuana, àmọ́ wọn kì í ṣe ọmọ Mẹ́síkò. Èyí tó tún le jù ú lọ ni pé nígbà tí àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, kò tíì sí ẹgbẹ́ kankan.

Los Angeles ni wọ́n bí Alpert sí ní 1935. Nígbà tó ṣe "The Lonely Bull" ní 1962, òun fúnra rẹ̀ ló fọn tróńpẹ́ẹ̀tì, ó sì tún fọn òmíràn lé e lórí nínú téèpù, ni fèrè kan bá di méjì létí wa. Àwọn tó kù, ṣe ni wọ́n pè wọ́n wá sí sítúdíò. Wọ́n á ṣiṣẹ́ wákàtí mélòó kan, wọ́n á gbowó, wọ́n á sì gba sítúdíò mìíràn lọ.

Hal Blaine onílù wà lára irú wọn, àwọn tí ayé wá ń pè ní Wrecking Crew. Ẹ tẹ́tí sí "A Taste of Honey" ti 1965. Orin á dákẹ́ wẹ́lo, ẹ ó wá gbọ́ ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lù: gbì, gbì, gbì, gbì! Gbogbo wọn á sì wọlé pa pọ̀. Wọn kò rí i ṣe kí wọ́n jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbohùn rẹ̀ sílẹ̀, ni Blaine bá ń fi ìlù yẹn pè wọ́n. Alpert gbádùn rẹ̀, ó ní kó wà níbẹ̀. Orin yẹn ló gba Grammy, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún àwọn olórin ní Amẹ́ríkà, fún àwo tó ta yọ jù lọ lọ́dún náà. Orúkọ Blaine kò sì sí lára páálí àwo.

Nígbà tí orin tà, àwọn èèyàn fẹ́ fojú rí ẹgbẹ́ náà. Àwọn ti sítúdíò kò ní í fi Los Angeles sílẹ̀, torí àràárọ̀ ni wọ́n ń ríṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá rìnrìn àjò oṣù kan, ẹlòmíràn á ti gba àyè rẹ̀. Alpert wá kó àwọn mìíràn jọ, wọ́n wọ aṣọ kan náà, wọ́n sì yọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ibẹ̀ ni àṣìṣe náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Àwọn kan máa ń pe àwọn tó lọ sóde yìí ní ayédèrú. N kò gbà. Ọ̀jáfáfá ni Nick Ceroli onílù àti John Pisano onígìtá, àwọn náà sì wọ sítúdíò nígbà tó yá. Pisano ló kọ "So What's New?" tó wà nínú àwo wọn ti 1966.

Ti àwọn T-Bones, ẹgbẹ́ olórin mìíràn, ló ń dùn mí. Àwọn ará sítúdíò ló lu orin wọn tó jáde ní 1965 tó sì gbòde, àwọn mìíràn ni wọ́n sì fi orúkọ yẹn rán lọ káàkiri. Mẹ́ta lára àwọn tí wọ́n rán lọ náà, Dan Hamilton, Joe Frank Carollo àti Tommy Reynolds, ṣe "Don't Pull Your Love" ní 1971. Orúkọ ara wọn ni wọ́n kọ sára ìyẹn.