Ọrọ̀ ajé tó ń yára dàgbà: kí ló dé tí ẹrù Ṣáínà fi kún Àkúrẹ́?

Ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú pópó Ọba Adésidà, bọ̀ọ̀dá tó ń ta sólà yí ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì kan sí mi kí n ka ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ṣáínà. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ má wulẹ̀ wá ti ibòmíràn." Òótọ́ ló sọ: nínú pánẹ́ẹ̀lì 10 tí wọ́n ń ṣe láyé, ó lé ní 8 tó ń ti Ṣáínà wá.

Bí rédíò bá ní ọrọ̀ ajé ìlú kan dàgbà, GDP ni wọ́n ń sọ: àròpọ̀ iye owó gbogbo ohun tí wọ́n ṣe àti iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ níbẹ̀ lọ́dún kan. Púpurú tí ìyá kan ṣe tà wà níbẹ̀. Ilé tí bíríkìlà kọ́ náà wà níbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ kó sínú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ilé yìí sọ́kàn.

Láti 1978 tí Deng Xiaoping, olórí wọn nígbà náà, ti ṣí ilẹ̀kùn òwò, ọrọ̀ ajé Ṣáínà ń fi nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún dàgbà lọ́dún, fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ohun tó bá ń dàgbà báyẹn yóò di ìlọ́po méjì láàárín ọdún 7. Nǹkan bí 800 mílíọ̀nù èèyàn ló bọ́ nínú òṣì paraku. Mi ò rí irú rẹ̀ rí nínú ìtàn.

Ṣùgbọ́n bí a bá pín àròpọ̀ yẹn sọ́nà 100, nǹkan bí 40 péré ni àwọn ará ilé fi ń ra ohun tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń lò. Èyí tó pọ̀ nínú ìyókù, iléeṣẹ́, afárá àti ilé ni wọ́n fi ń kọ́. Àwọn èèyàn ń fowó pamọ́ nítorí àìsàn àti ọjọ́ ogbó. Ti àwọn ará oko tó wá ṣiṣẹ́ nígboro ló dùn mí jù. Àfi bí ẹni pé ọmọ Ìdànrè ti ń ṣe bíríkìlà l'Àkúrẹ́ láti ọdún 10, tí wọ́n wá ní kó lọ fi ọmọ rẹ̀ síléèwé ní Ìdànrè, torí orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé ìlú. Hukou ni wọ́n ń pe ìwé náà.

Ilé ni ọ̀pọ̀ wọn fowó pamọ́ sí. Wọ́n máa ń sanwó kí wọ́n tó kọ́ ọ tán. Gbèsè wá wọ Evergrande, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́lé jù, lọ́rùn, ilé sì dúró láìpé. Ní January 2024, kọ́ọ̀tù Hong Kong ní kí wọ́n tú u ká. Òfin tó ní kí tọkọtaya bí ọmọ kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ti pa tì, náà ti so èso tirẹ̀: láti 2022 ni iye èèyàn wọn ti ń dín kù.

Iléeṣẹ́ ò kúkú ṣeé dá dúró lójijì. Ohun tí wọn ò rà nílé ń wá bá wa níbí. Ní 2023, owó pánẹ́ẹ̀lì já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Náírà tó ń já ni kò jẹ́ ká jẹ gbogbo àǹfààní rẹ̀. Amẹ́ríkà ní tiẹ̀ bẹ̀rù fún àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní 2024, ó sọ owó bodè ọkọ̀ alábátìrì Ṣáínà di iye kan náà pẹ̀lú owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹni tí iná ò tó, bí èmi, yóò yọ̀ sí pánẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú. Ẹni tó fẹ́ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kò lè ta irú ẹrù kan náà ní iye yẹn. Amọ̀, ohun tí wọ́n fi ń ṣe táìlì, wà ní Ifọ̀n níbí, ìpínlẹ̀ wa sì ní iléeṣẹ́ tó ń fi í ṣe nǹkan nígbà kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà láìṣiṣẹ́. Kì í ṣe Ṣáínà nìkan ló fà á. Mo wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bọ̀ọ̀dá yẹn kí n tó jáde, mo bi í pé níbo ló ti ra táìlì rẹ̀. Páálí rẹ̀ ṣì wà nídìí ògiri, ó fà á yọ fún mi.