Ilé àyágbé àtijọ́ l'Abuja: ibi tí owó àtúnṣe ń gbà lọ

Ilé àtijọ́ tí wọ́n bá fi han ẹni tó fẹ́ rà á, kó tún un ṣe, kó sì fi gba owó ilé, nínú oṣù Kejì, ní Kubwa tàbí Nyanya, kì í jò. Ọyẹ́ ti gbẹ ògiri, wọ́n sì ti fi ọ̀dà funfun kun àjà. Inú oṣù Kẹjọ ni ilé ọ̀hún máa tó sọ tẹnu ẹ̀. Ẹni tó bá ti sanwó nígbà náà ló ni jíjò.

Ìdí nìyẹn tí owó àtúnṣe fi ń ju iye tí wọ́n dá lé e lọ: ohun tí bíríkìlà rí ló dá owó lé. Kò rí igi tí ikán ti jẹ lábẹ́ páànù. Kò rí páìpù onírin tó ti dógùn-ún nínú ògiri. Páìpù kan yìí ló máa pe pọ́lọ́ńbà, pọ́lọ́ńbà á fọ́ ògiri, á pe bíríkìlà, bíríkìlà á pe ẹni tó ń lẹ táìsì, pẹ́ńtà ló máa gbowó kẹ́yìn.

Àmọ́ ojú tó nǹkan mélòó kan. Kí ẹni tó fẹ́ ra ilé fi kọ́kọ́rọ́ lu táìsì ilẹ̀. Èyí tó bá dún bí igbá òfìfo, kò lẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. (Ẹni tó wà n'Íbàdàn, tó jẹ́ fọ́tò WhatsApp ló fi ń ra ilé, kò lè gbọ́ ìró yẹn.) Kó fọwọ́ ra ìsàlẹ̀ ògiri. Bí ọ̀dà bá ń bọ́ sí i lọ́wọ́ bí èlùbọ́, omi ló ń fà gòkè látinú ilẹ̀. Ọ̀dà tuntun kò lè dá a dúró. Kó ní kí wọ́n ṣí ìdérí sọkáwéè. Ẹ́jẹ́ǹtì kì í fẹ́ ìyẹn, á ní ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ti ìwé ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ ló nilẹ̀ Abuja, mínísítà FCT (agbègbè olú ìlú) ló ń fọwọ́ sí C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀, AGIS, ọ́fíìsì ìjọba kan, ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wádìí orúkọ ẹni tí ìjọba fún nílẹ̀ àti bóyá ó jẹ gbèsè owó ilẹ̀ ọdọọdún. Bí àtúnṣe bá kan wíwó ògiri tàbí fífi yàrá kún ilé, Development Control, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ilé kíkọ́, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ayálégbé tó wà nínú ilé ni ọ̀pọ̀ kì í ṣírò. Ẹni tó ń san owó ọdọọdún, tí àdéhùn rẹ̀ kò sọ nǹkan mìíràn, nótíìsì oṣù mẹ́fà kó tó kó jáde ni òfin fún un. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ti ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà kóòtù. Onílé kò láṣẹ láti ṣí páànù lé e lórí. Símẹ́ńtì kì í sì í dúró de nótíìsì kó tó wọ́n.

Ká wá ní owó ilé jẹ́ ₦800,000 lọ́dún, tí àtúnṣe ₦3,000,000 sọ ọ́ di ₦1,200,000. Ọ̀pọ̀ á ní ọdún méjì ààbọ̀ lowó á fi wọlé. Rárá o. ₦400,000 tó lé ni iṣẹ́ náà mú wá, torí náà ọdún méje ààbọ̀ ni. Bí ilé bá fi oṣù mẹ́fà ṣófo nítorí iṣẹ́, ₦400,000 mìíràn ti lọ, ó di ọdún mẹ́jọ ààbọ̀. Kó tó dìgbà náà, ọ̀dà á ti ṣí.