Máàkì Kan Ifẹ̀, Mẹ́jọ JAMB: Bí Ìṣirò Ìwọlé sí Ẹ̀ka Òfin Ṣe Ń Lọ

Ká ní ọmọ méjì jọ ń gbé ní Lágèrè n'Ílé-Ifẹ̀, tí àwọn méjèèjì fẹ́ kọ́ òfin ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọ̀kan gba 290 nínú JAMB, èkejì gba 264. Nígbà tí orúkọ jáde, ẹni 264 ni wọ́n mú. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ohun kan náà ni àdúgbò máa ń sọ: "Wọ́n ti ta àyè ọmọ ọlọ́mọ." Ó sì lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò ta nǹkan kan. Ìṣirò ló mú ọ̀kan tó sì fi ìkejì sílẹ̀. Ìṣirò náà ò le rárá, ọmọ oníwèé mẹ́fà lè ṣe é. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn tó ń fi iná fóònù kàwé mọ́jú kò jókòó tì í rí, àwọn òbí tó ń sanwó lẹ́sìnnì ò sì jókòó tì í.

Kí á tó dé ibẹ̀, nǹkan kan wà tó máa ń da ọmọ láàmú. Ẹni tó bá wá ìdánwò ìwọlé ẹ̀kọ́ òfin lórí Google, LSAT ló máa kọ́kọ́ bá pàdé. Ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Lọ́hùn-ún, ènìyàn á ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú nǹkan mìíràn kó tó lọ kọ́ òfin, máàkì wọn sì bẹ̀rẹ̀ láti 120 ó parí sí 180. Ní tiwa, láti ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ́mọ ti ń bọ́ sí ẹ̀ka òfin tààrà, ọdún 5 ni fún ẹni tó gba JAMB wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà, èyí tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Bwari l'Ábújá. Wọn kì í ṣe ìdánwò àṣewọlé fún ẹni tó kàwé òfin nílé níbí kó tó wọ ibẹ̀. Ìparí ni ìdánwò tiwọn wà, kí wọ́n tó pe ènìyàn sí iṣẹ́. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà tó há jù ni ti yunifásítì.

Ó há nítorí pé àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ òfin ní Nàìjíríà, ìyẹn Council of Legal Education, ló ń sọ iye ọmọ tí ẹ̀ka òfin yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè gbé wá síwájú wọn. Yunifásítì ò kàn lè fẹ aga kún aga. Ti Ifẹ̀ tún wá ní orúkọ àtijọ́ lára: òfin wà nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ṣí yunifásítì náà ní 1962, nígbà tó ṣì wà n'Íbàdàn, kó tó kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Èrò tó ń rọ́ lọ síbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ìṣirò ọ̀hún nìyí. 100 ni gbogbo máàkì, ibi mẹ́ta ló sì ti ń wá. JAMB kó 50, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ṣe, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní post-UTME, kó 40, èsì oníwèé mẹ́wàá sì kó 10. Ẹni tí kò bá gba 200 nínú JAMB, tàbí tí kò fi Ifẹ̀ ṣe yíyàn àkọ́kọ́, kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò.

JAMB fúnra rẹ̀, 400 ni. Kí 400 tó lè di 50, wọ́n ní láti fi 8 pín in. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Máàkì 8 tí ọmọ bá làágùn gbà nínú JAMB, máàkì 1 péré ló máa dà tó bá dé Ifẹ̀. Máàkì 1 tó bá sì gbà nínú post-UTME, 1 náà ni yóò máa jẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní pín in. Ẹni tó gba 290 ní 36.25. Ẹni tó gba 264 ní 33. Máàkì 26 tí wọ́n fi ń yangàn ládùúgbò ti di 3 àti ìdámẹ́rin.

Ká wá ní ẹni 264 gba 27 nínú 40 nígbà tó dé ọgbà yunifásítì, ẹni 290 sì gba 23. Ẹni 264 ti fi 4 ju ẹni 290 lọ níbí, ó ti bá a, ó sì ti kọjá rẹ̀. Ìwé oníwèé mẹ́wàá ló wá kù. Kírédíìtì márùn-ún ni wọ́n ń wò, A1 sì ń mú 2 wá, B2 ń mú 1.8, B3 ń mú 1.6, C4 ń mú 1.4, C5 ń mú 1.2, C6 ń mú 1. Ẹni 264 ní A1 kan, B3 mẹ́ta àti C4 kan: 8.2. Ẹni 290 ní B3 kan, C4 kan, C5 kan àti C6 méjì: 6.2. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 68.2 ni ti ọ̀kan, 65.45 ni ti èkejì. Kò sí ẹni tó ta àyè ẹnikẹ́ni.

Ó máa ń dun ènìyàn bí òbí bá ń sọ fún ọmọ pé "C6 náà kírédíìtì ni, kírédíìtì ni wọ́n ń béèrè." Òótọ́ ni pé ó ṣí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní C6 márùn-ún ti fi 5 sílẹ̀ kó tó jókòó ṣe JAMB, 40 ni 5 yẹn tí a bá sọ ọ́ di máàkì JAMB. Kò sí lẹ́sìnnì tó ń yára fi 40 kún JAMB ọmọ. Ọdún tí ọmọ bá wà ní SS 3 ni ìmúrasílẹ̀ fún ẹ̀ka òfin ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá ra fọ́ọ̀mù.

Iṣẹ́ mẹ́rin lọmọ máa kọ nínú JAMB. Òyìnbó jẹ́ dandan fún gbogbo ènìyàn, Lítíréṣọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni ẹni tó fẹ́ kọ́ òfin gbọ́dọ̀ mú pẹ̀lú. Méjì yòókù á wá láti inú iṣẹ́ ọnà tàbí ti àwùjọ, irú bíi Government, CRS (ìmọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni), ìmọ̀ Islam tàbí Economics. Kí ọmọ yẹ ìwé-ìtọ́sọ́nà JAMB wò, èyí tí wọ́n ń pè ní IBASS, kó tó yan méjì yẹn, torí pé ẹni tó bá yan èyí tí yunifásítì ò fẹ́, ó ti fi owó fọ́ọ̀mù tọrẹ. Ìbéèrè 60 ni Òyìnbó, iṣẹ́ mẹ́ta tó kù jẹ́ 40, 40. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí 2 ni wọ́n sì fún un. Ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni fún ìbéèrè kan. Òkìkí èyí ti kàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tí ì fi aago sí iwájú rẹ̀ rí kò mọ bí ìṣẹ́jú-àáyá 40 ṣe kúrú tó.

Nínú 60 ti Òyìnbó, 10 ń wá láti inú ìwé ìtàn tí JAMB bá yàn. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ gbà á tán, ìwé kan ṣoṣo ni. 10 mìíràn ni ti ìró ohùn, èyí tí wọ́n ń pè ní Oral, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń fọ́jú tẹ bọ́tìnì. Ìdí wà níbẹ̀. Fáwẹ̀lì "i" kan ṣoṣo ni Yorùbá ní, méjì ni ti Gẹ̀ẹ́sì: èyí tó wà nínú "ship" àti èyí tó wà nínú "sheep". Etí tí a fi Yorùbá tọ́ lè gbọ́ méjèèjì bí ọ̀kan. Ohùn òkè, ìsàlẹ̀ àti àárín la fi ń sọ̀rọ̀, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbé agbára lé sílébù kan nínú ọ̀rọ̀. Kò sí àdúrà tó ń ṣe èyí. Ìwé atúmọ̀-èdè ni, kí ọmọ máa wo àmì ibi tí agbára wà, kó sì máa pè é síta.

Àmọ́ nínú Oral yìí kan náà, ibì kan wà tí èdè ìyá ọmọ lè fún un ní máàkì. JAMB á kọ gbólóhùn kan, á fi lẹ́tà ńlá kọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, á wá ní kí ọmọ mú ìbéèrè tí gbólóhùn náà dáhùn. Ká ní gbólóhùn ọ̀hún sọ pé Adé ra mọ́tò pupa ní Iléṣà. Kí ọmọ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá nínú ọkàn, kó fi "ni" sí ẹ̀yìn ohun tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ. Bó bá jẹ́ orúkọ Adé ni: "Adé ni ó ra mọ́tò pupa ní Iléṣà." A jẹ́ pé ẹnì kan ti rò pé ẹlòmíràn ló rà á: "Ṣé Olú ló ra mọ́tò pupa ní Iléṣà?" Bó bá jẹ́ pupa ni: "Mọ́tò pupa ni Adé rà ní Iléṣà." Ìbéèrè rẹ̀ á jẹ́, "Ṣé mọ́tò dúdú ni Adé rà ní Iléṣà?" Bó bá jẹ́ Iléṣà ni: "Iléṣà ni Adé ti ra mọ́tò pupa," ẹni tó béèrè á ti ní, "Ṣé Ifẹ̀ ni Adé ti ra mọ́tò pupa?" Ẹ wò ó dáadáa: nínú ìbéèrè tó tọ́, ọ̀rọ̀ lẹ́tà ńlá nìkan ló yí padà, gbogbo ìyókù dúró bó ṣe wà. Ọmọ tó bá ti rí "ni" yìí lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní pàdánù ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ṣeni láàánú pé wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ bíi pé Yorùbá tí wọ́n gbọ́ ń dí Gẹ̀ẹ́sì wọn lọ́wọ́.

Ti àyọkà tún nìyẹn. Ohun tí àyọkà sọ ni wọ́n ń béèrè, wọn ò béèrè ohun tí ọmọ mọ̀. Bí àyọkà bá ní gbogbo ẹni tó ń ta aṣọ lọ́jà ló san owó-orí, tó tún ní Ìyá Ṣadé san owó-orí, ṣé Ìyá Ṣadé ń ta aṣọ? Àyọkà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ata ló ń tà. Ọ̀pọ̀ á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Irú nǹkan yìí ni LSAT àwọn ará Amẹ́ríkà kún fún, pàápàá láti oṣù August 2024 tí wọ́n ti yọ àlọ́ ìtò-nǹkan kúrò nínú rẹ̀, tí ó ku ìrònú àti ìwé kíkà. Ẹni tó bá rí ìbéèrè rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lè fi ṣe eré ìdárayá ọpọlọ, kó má kàn fi owó rà á bí ìwé JAMB.

Lítíréṣọ̀ ní tirẹ̀ ń béèrè eré-oníṣe, ìtàn àti ewì tí JAMB yàn, ó tún ń mú àyọkà tí ọmọ ò rí rí wá. Kíka àkótán ìwé lórí fóònù kò tó. Ìbéèrè á ní ta ló sọ̀rọ̀ yìí, fún ta, nígbà wo.

Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe JAMB, bọ́tìnì 8 sì tó láti fi ṣe gbogbo rẹ̀ láìfọwọ́ kan máòsì: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi ìwé sílẹ̀, R láti yí ìpinnu yẹn padà. Ọmọ tó ń fi fóònù nìkan dánra wò máa ń ṣàwárí S lọ́jọ́ ìdánwò, nígbà tí àyà rẹ̀ ti já. Ó tọ́ kí ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà gidi ní ìgbà bíi mélòó kan. JAMB kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tó kùnà, nítorí náà kò yẹ kí ìbéèrè kankan ṣófo.

Lẹ́yìn èsì JAMB ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù máa ń wáyé. Ọmọ á gba 280, wọ́n á pa adìẹ, ìwé á sì di ohun ìrọ̀rí. Oṣù díẹ̀ á kọjá kí yunifásítì tó pè wọ́n, ìgbà yẹn gan-an sì ni máàkì tí ẹnikẹ́ni ò ní fi 8 pín ń bọ̀. Ẹni tó bá ní wákàtí 3 fún ìwé lójúmọ́ kí JAMB tó dé, wákàtí 3 yẹn níye lórí jù lẹ́yìn rẹ̀.

Kò wá tán síbẹ̀. Nínú àyè tó wà ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, 45 nínú 100 jẹ́ ti ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù láìwo ìpínlẹ̀, 35 jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì ká, 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ní ẹ̀kọ́ ò tí ì fẹsẹ̀ múlẹ̀ púpọ̀. Ọmọ Ifẹ̀ tàbí ọmọ Ìjẹ̀ṣà lè jẹ nínú 35 yẹn nítorí pé Ọ̀ṣun ló wà. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́: Ọ̀yọ́, Èkìtì, Oǹdó, Ògùn àti Èkó jọ ń jẹ ẹ́. Ilé ẹni tó fara kan géètì yunifásítì kò fi máàkì kan kún tirẹ̀.

Orí CAPS, ìyẹn ojú-òpó tí JAMB fi ń gba ọmọ wọlé, ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí, láti 2017. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ kí èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ tó jáde gbọ́dọ̀ padà lọ fi í sórí JAMB ní ọ́fíìsì CBT, ìyẹn ibùdó ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, yunifásítì ò lè dábàá orúkọ rẹ̀, ì báà gba 300. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá a fi sí i pé kó jẹ́ kí òun rí i lójú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ kan tẹ̀lé òmíràn, kí ó tó san owó. Tí wọ́n bá wá fún un ní àyè, á wọ CAPS, á tẹ ibi tó ti máa gbà á, á tẹ lẹ́tà JAMB jáde, á sì gbé e lọ sí ọgbà yunifásítì pẹ̀lú èsì oníwèé mẹ́wàá rẹ̀ fún àyẹ̀wò.