Ṣé ọmọlangidi ló ń jẹ́ kí ọmọbìnrin kórìíra ara rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọmọdébìnrin kan á ní òun sanra jù, kíá lẹnì kan á ti na ìka sí ọmọlangidi Barbie: òun ló fà á, sáyẹ́ǹsì ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Pé ara ọmọlangidi yẹn kò jọ ti èèyàn, ta ló ń jiyàn? Bó ṣe rí nìyẹn látìgbà tí ilé iṣẹ́ Mattel ti gbé e jáde ní 1959. Ọ̀kan tí wọ́n tà ní 1965 tiẹ̀ ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, tó dúró gbọin sórí 110 pọ́n-ùn, pẹ̀lú ìwé kékeré lórí béèyàn ṣe ń dín ara kù. Ìmọ̀ràn tó wà nínú ìwé náà: má jẹun. Mi ò ní gbèjà ìyẹn láéláé.

Ibi tí mo ti dúró ni “sáyẹ́ǹsì ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀.” Ìwádìí tí wọ́n sábà máa ń gbé kiri ni èyí tí Helga Dittmar àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2006. Ọmọbìnrin 162 ni wọ́n lò, láti ọmọ ọdún 5 dé 8. Wọ́n ka ìtàn fún wọn, àwọn ọmọ sì ń wo àwòrán inú ìwé. Àwọn kan rí Barbie, àwọn kan rí Emme, ọmọlangidi tó sanra níwọ̀n, àwọn tó kù ò rí ọmọlangidi kankan. Nígbà tí wọ́n wá bi wọ́n nípa ara wọn, inú àwọn tó rí Barbie ò dùn sí tiwọn tó ti àwọn yòókù, wọ́n sì fẹ́ tín-ín-rín sí i. Àwọn tó dàgbà jù nínú wọn ò tiẹ̀ fi irú ẹ̀ hàn.

Ẹ tún un kà. Àwòrán ni. Kò sí ọmọ tó di irun fún un, tó ju bàtà ẹ̀ sábẹ́ àga, tó sọ ọ́ di dókítà láàárọ̀, tó tún sọ ọ́ di ìyàwó lálẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n wò ó, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì bi wọ́n. Ibo wá ni “ó ń ba ayé ọmọ jẹ́” ti wọlé?

Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Netherlands jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin fọwọ́ ara wọn ṣeré. Yálà ọmọlangidi tín-ín-rín ni o tàbí èyí tó sanra níwọ̀n, ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn ò yàtọ̀. Àmọ́ nígbà tí ìpanu dé, àwọn tó fi èyí tó sanra níwọ̀n ṣeré jẹ ju àwọn yòókù lọ. Ẹ bá mi túmọ̀ ìyẹn.

Nítorí náà, mi ò sọ pé ọwọ́ ọmọlangidi mọ́. Ó ṣeé ṣe kó dá kún un, fáwọn ọmọ kan, lọ́jọ́ orí kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ni í náà ló ń wo tẹlifíṣàn, ló ní ẹ̀gbọ́n, ló ní ojúgbà. Ó ṣòro láti yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ẹni tó bá ti kó ọmọlangidi dànù, tàbí tó ra èyí tó sanra tí Mattel gbé jáde ní 2016, lè rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ ṣọ́ra o. Ìyá tó ń fa ikùn ẹ̀ níwájú dígí tó ń pòṣé, ọmọ ń wò ó. Bàbá tó ń pe ọmọ ní òròbó níwájú àlejò, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, ẹ bi í bó ṣe pẹ́ tó tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó dárúkọ Barbie.