Bí ìrora endometriosis ṣe ń dé orí ibùsùn tọkọtaya

Ní Èkìtì, ọmọbìnrin tí inú rẹ̀ ń run gan-an nígbà nǹkan oṣù sábà máa ń gbọ́ gbólóhùn kan: “Bó o bá bímọ, á lọ.” Ó gba gbólóhùn yẹn dé ilé ọkọ, ibẹ̀ ni ìrora yìí ti wá ń bá a nígbà ìbálòpọ̀, ọmọ tí wọ́n ní yóò lé e lọ kò sì tètè dé.

Inú lọ́hùn-ún ni ìrora náà ti ń wá. Endometriosis ni wọ́n ń pe àìsàn náà: ohun kan tó jọ awọ inú ilé ọmọ ló lọ hù síbi tí kò yẹ kó wà, bíi lára ilé ẹyin, lẹ́yìn ilé ọmọ, nígbà mìíràn lára ìfun tàbí àpò ìtọ̀. Bí nǹkan oṣù bá dé, òun náà lè ṣẹ̀jẹ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún kò rọ́nà jáde. Ibẹ̀ a wú, a di àpá, àpá a sì so ẹ̀yà ara kan mọ́ èkejì bí ẹni fi àtè lẹ̀ wọ́n. Ohun tó yẹ kó rọra yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ọkọ bá wọlé jinlẹ̀ kò lè yẹ̀ mọ́, ńṣe ló ń fà. Obìnrin mìíràn a jẹ̀rora náà di ọjọ́ kejì.

Ara kì í gbàgbé irú èyí. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, iṣan ìsàlẹ̀ a ti máa le kí ọkọ tó fọwọ́ kàn án, ojú ara a gbẹ, ìrora tuntun a gorí ti àtijọ́. Ìyàwó a wá máa fọ abọ́ tí kò dọ̀tí títí ọkọ á fi sùn lọ. Ọkọ a ní kò fẹ́ òun mọ́. Ọkọ mìíràn sì wà tó mọ̀ pé ó ń dùn ún, ẹ̀rù a bà á, nǹkan ọkùnrin rẹ̀ a kọ̀ kò dìde.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló tún ń dá kún un. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní endometriosis ló ń bímọ láìsí ìtọ́jú kankan, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ fún àwọn mìíràn. Ọjọ́ tí obìnrin lè lóyún kò ju bí mẹ́fà lọ nínú oṣù kan: ọjọ́ tí ẹyin bọ́ àti márùn-ún tó ṣáájú rẹ̀. Fóònù a ké pé ọjọ́ pé, ìbálòpọ̀ a sì dà bí iṣẹ́ ìjọba ní Adó: ó rẹ̀ ọ́ o, kò rẹ̀ ọ́ o, wá buwọ́ lùwé. Ìyá ọkọ a pè láti Ìjerò láti béèrè bóyá ara le. Gbogbo wọn ló mọ ohun tó ń béèrè.

Ibi tó ti le jù rèé: oògùn tó máa ń dín ìrora yìí kù, àwọn tó ń dá nǹkan oṣù dúró, ni kì í jẹ́ kí oyún dúró. Tọkọtaya ní láti yan ọ̀kan fúngbà díẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣe láti ojú ihò kékeré létí ìdodo lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ níhà méjèèjì.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó ń gba ọ̀pọ̀ obìnrin tó ọdún 4 sí 12 kí wọ́n tó mọ orúkọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ẹni tó bá lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ìbáà jẹ́ ti Adó tàbí ti Ìdó-Èkìtì, kó sọ ti ìrora ìbálòpọ̀ fún dókítà láìtijú, nítorí dókítà lè má béèrè. Tí oṣù 12 bá kọjá láìlóyún, tàbí oṣù 6 bí ìyàwó bá ti lé lẹ́ni ọdún 35, kí wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò. Kí ọkọ náà lọ yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò o. Àwa a máa di gbogbo rẹ̀ lé obìnrin lórí.

Nínú yàrá, kí ìyàwó wà lókè, tàbí kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó lè jẹ́ òun ni yóò máa pinnu ibi tí yóò jìn dé. Ìrora sábà máa ń pọ̀ sí i bí nǹkan oṣù bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọjá. Kí wọ́n sì ya alẹ́ mìíràn sọ́tọ̀ tí kò sí nínú ọjọ́ mẹ́fà yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò ní wọlé sára ẹnì kan, tí fóònù á sì wà ní pálọ̀.