Ìṣètò relational database

Ìṣètò relational database ni iṣẹ́ pípinnu irú àtẹ tí a ó fi tọ́jú dátà, òpó tí àtẹ kọ̀ọ̀kan yóò ní, àti bí àtẹ kan yóò ṣe máa tọ́ka sí òmíràn, kí ọ̀rọ̀ kan má baà wà níbi méjì kó sì máa tako ara rẹ̀. Iṣẹ́ yìí máa ń ṣáájú kíkọ ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ìwé títà ilé aládìrẹ kan ní Òṣogbo, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín.

Ìtàn ní ṣókí

Edgar F. Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ní San Jose, ló gbé èrò títọ́jú dátà sínú àtẹ báyìí jáde ní 1970. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ yọ dátà jáde ní láti mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó sínú ẹ̀rọ. Ní 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, ará IBM bákan náà, gbé èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, tó wá di SQL, kalẹ̀. Peter Chen gbé àwòrán entity-relationship, tó ń fi àwọn ohun tí a fẹ́ tọ́jú àti bí wọ́n ṣe tan mọ́ ara wọn hàn, jáde ní 1976. Codd gba ẹ̀bùn Turing, ẹ̀bùn ńlá nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ní 1981, ANSI, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ní Amẹ́ríkà, sì fọwọ́ sí SQL ní 1986.

Láti ìwé títà dé àtẹ

Ìwé títà tó wọ́pọ̀ máa ń ní ìlà kan fún títà kan: ọjọ́, orúkọ oníbàárà, fóònù, àdúgbò, irú àdìrẹ, iye yáàdì, owó yáàdì kan, owó tó san, gbèsè tó kù. Bí a bá da ìwé yìí sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe rí, ohun mẹ́ta ló máa ń bàjẹ́. Bí oníbàárà tó ti rajà lẹ́ẹ̀mẹwàá bá pààrọ̀ fóònù, ìlà mẹ́wàá ni a ó tún ṣe. Èyí tí a bá gbàgbé yóò máa gbé nọ́ńbà àtijọ́ kiri. Irú àdìrẹ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà kò ní ibi tí a ó kọ iye owó rẹ̀ sí. Tí a bá sì pa ìlà kan ṣoṣo tí oníbàárà kan ní rẹ́, orúkọ àti fóònù rẹ̀ bá a lọ.

Normalization ni wọ́n ń pe iṣẹ́ tó ń tún èyí ṣe. Ìpele kìíní, 1NF, ní kí ojú kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ gba ohun kan ṣoṣo. Kíkọ “ẹlẹ́kọ 5, oníko 3” sí ojú kan lòdì sí i, nítorí kọ̀ǹpútà kò ní lè ro yáàdì ẹlẹ́kọ pọ̀ láìkọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Òpó adire1, adire2, adire3 kò sàn jù ú lọ: ẹni tó bá ra irú mẹ́rin, ìkẹrin kò rí ibi wọ̀. Àtẹ tó dá dúró fún ìlà títà, ila_tita, tó ń tọ́ka sí àtẹ tita (títà kọ̀ọ̀kan) àti àtẹ adire (irú àdìrẹ kọ̀ọ̀kan), ló ń yanjú rẹ̀. Bí a ṣe ń kọ ọ́ ní SQL nìyí:

CREATE TABLE ila_tita (
  tita_id   integer REFERENCES tita (id),
  adire_id  integer REFERENCES adire (id),
  yaadi     numeric(6,2) NOT NULL CHECK (yaadi > 0),
  iye_yaadi numeric(12,2) NOT NULL,
  PRIMARY KEY (tita_id, adire_id)
);

Òpó méjì ló para pọ̀ di primary key, kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀, níbí. Ìpele kejì, 2NF, ní kí àwọn òpó yòókù dúró lé méjèèjì, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Orúkọ àdìrẹ dúró lé adire_id nìkan, nítorí náà inú àtẹ adire ni ààyè rẹ̀. Iye_yaadi, ìyẹn owó yáàdì kan, ńkọ́? Ó jọ pé òun náà yẹ kó wà nínú adire, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà. Iye tí ọjà ń lọ lónìí ló yẹ adire. Iye tí a tà á lọ́jọ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n ti nájà, ohun mìíràn ni, títà yẹn ló ni ín. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ọjọ́ tí àdìrẹ bá gbówó lórí ni gbogbo àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá yóò yí padà.

Kọ́kọ́rọ́ yìí kò gbà kí àdìrẹ kan náà wọ títà kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ra yáàdì 10 ní iye kan, tí wọ́n wá dín owó yáàdì 5 sí i fún un, kò ní ṣeé kọ. Níbi tí irú èyí bá ti wọ́pọ̀, nọ́ńbà ìlà ni kí a fi rọ́pò adire_id nínú kọ́kọ́rọ́ náà.

Owó sísan nílò àtẹ tirẹ̀, owo_sisan, nítorí àwọn oníbàárà máa ń san díẹ̀díẹ̀. Gbèsè kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òpó rárá: a ó ro yaadi × iye_yaadi pọ̀, a ó yọ àròpọ̀ owó sísan kúrò, ohun tó kù ni gbèsè. Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ níbí. Bí a bá so ila_tita àti owo_sisan mọ́ tita nínú ìbéèrè kan náà, títà tó ní ìlà 3 àti ìsanwó 4 yóò mú ìlà 12 jáde, àròpọ̀ méjèèjì yóò sì wú. Kí a ro ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ká tó so wọ́n pọ̀.

Ìpele kẹta, 3NF, ní kí òpó tí kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ má ṣe dúró lé òpó mìíràn tí kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Ó rọrùn láti rò pé tí a bá ti mọ ìlú, a ti mọ ìjọba ìbílẹ̀, kí a sì ya àtẹ sọ́tọ̀ fún un. Òṣogbo já irú òfin bẹ́ẹ̀: ìlú náà wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo àti Ọlọ́rundá, ará àdúgbò Ìgbóǹnà tó kọ “Òṣogbo” sí àdírẹ́sì rẹ̀ sì wà lábẹ́ Ọlọ́rundá. Àdúgbò ni ó yẹ kí a so mọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Dátà tó wà nílẹ̀ lè fi hàn pé òfin kan kò dúró, ṣùgbọ́n kò lè fi hàn pé ó dúró. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ ìlú tàbí tó mọ iṣẹ́ náà ni a ti ń béèrè. BCNF, 4NF àti 5NF wà lókè èyí, àmọ́ àtẹ oníṣòwò kì í sábà nílò wọn.

Kọ́kọ́rọ́ àti orúkọ ènìyàn

Primary key gbọ́dọ̀ yàtọ̀ fún ìlà kọ̀ọ̀kan, kò gbọ́dọ̀ ṣófo, kò sì yẹ kó máa yí padà. Orúkọ ènìyàn kò kún ojú òṣùwọ̀n yìí. Ìbejì pọ̀ láàárín Yorùbá ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lágbàáyé lọ, nítorí náà Táíwò àti Kẹ́hìndé wà láti ilé dé ilé. Pípa orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì pọ̀ kò yanjú ẹ̀, torí ìbejì jọ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Obìnrin lè gba orúkọ ọkọ rẹ̀. Lọ́jà, “Ìyá Ṣadé” ni wọ́n sì sábà máa ń kọ, bẹ́ẹ̀ Ìyá Ṣadé mẹ́ta lè wà ládùúgbò kan. Nítorí ẹnì kan lè ní orúkọ púpọ̀, àtẹ orúkọ tó dá dúró, tó ní òpó fún irú orúkọ, ló bá a mu jù.

Nọ́ńbà fóònù sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá àti ọmọ lè jọ máa lo ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ fóònù sì lè fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà tí a ti pa tì. Nọ́ńbà tí dátábéèsì fúnra rẹ̀ ń ṣe, GENERATED ALWAYS AS IDENTITY nínú ètò dátábéèsì PostgreSQL, ni wọ́n sábà ń lò.

Foreign key, òpó tó ń tọ́ka sí ìlà inú àtẹ mìíràn, ní ọ̀fìn tirẹ̀ nínú ètò dátábéèsì kọ̀ọ̀kan. SQLite kì í ṣọ́ ọ àfi tí a bá pàṣẹ PRAGMA foreign_keys = ON nígbàkúgbà tí a bá sopọ̀ mọ́ ọn. MySQL, ṣáájú ẹ̀dà 9.0, máa ń ka REFERENCES tí a kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó bíi ti òkè yìí láìlò ó. FOREIGN KEY lórí ìlà tirẹ̀ ló ń gbà. ON DELETE CASCADE láti onibara sí tita sì léwu: bí a bá pa oníbàárà rẹ́, gbèsè tó jẹ bá a lọ.

Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀

Lẹ́tà ọ́ ṣeé kọ lọ́nà mẹ́ta ó kéré tán nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà: ọ, U+1ECD, tí U+0301 tẹ̀ lé, ó, U+00F3, tí àmì ìsàlẹ̀ U+0323 tẹ̀ lé, tàbí o lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n dátábéèsì tó ń fi báìtì wé báìtì yóò ka oníbàárà kan sí mẹ́ta. Kí a sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC, ọ̀nà kíkọ kan tó ń mú kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan náà, kó tó wọlé. PostgreSQL ní normalize() fún èyí láti ẹ̀dà 13.

Ọ̀ṣun jẹ́ lẹ́tà 4 lójú ẹni tó ń kà á, àmọ́ codepoint (nọ́ńbà Unicode) 5 ni àní nínú NFC, báìtì 10 sì ni ní UTF-8, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. varchar(4), òpó tí kì í gbà ju codepoint 4 lọ, kò ní gbà á.

Nínú MySQL 8.0, collation (òfin tí a fi ń wé ọ̀rọ̀ tí a sì fi ń tò ó) tó wà nílẹ̀ láìyàn, utf8mb4_0900_ai_ci, kì í ka àmì sí: Ọ̀ṣun àti osun, ọ̀kan ni lójú rẹ̀. Èyí dára fún wíwá orúkọ, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tẹ àmì lórí fóònù, ṣùgbọ́n UNIQUE, tí kì í gba ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kò ní gba orúkọ méjì tó fi àmì nìkan yàtọ̀ síra nínú irú òpó bẹ́ẹ̀. Òpó méjì ló yẹ: ọ̀kan fún orúkọ bí ẹni tó ni ín ṣe kọ ọ́, ọ̀kan tí a ti bọ́ àmì rẹ̀ fún wíwá. Ní ti títò, gèlè yẹ kó ṣáájú gbáríyẹ̀, nítorí gb jẹ́ lẹ́tà tó tẹ̀ lé g. Títò lásán yóò yí i po. Collation yo-x-icu nínú PostgreSQL mọ̀ ọ́n tò.

Irú dátà àti index

Owó gba numeric, tó ń tọ́jú nọ́ńbà gẹ́lẹ́ bó ṣe rí, kì í ṣe float, tó ń súnmọ́ ọn lásán, nítorí 0.1 + 0.2 nínú float ń di 0.30000000000000004. Fóònù gba text: integer, tó wà fún odidi nọ́ńbà, yóò gé 0 iwájú rẹ̀ dànù, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 sì ju 2,147,483,647 tí integer lè gbà lọ. Ọjọ́ gba date, torí 03/04/2024 lè jẹ́ oṣù kẹta tàbí ìkẹrin.

InnoDB, apá tó ń tọ́jú dátà inú MySQL, máa ń ṣe index, atọ́ka tó ń jẹ́ kó yára rí ìlà, fún òpó foreign key fúnra rẹ̀. PostgreSQL kì í ṣe é. Nínú àtẹ òkè yìí, primary key ti bo tita_id, ṣùgbọ́n adire_id kò ní index tirẹ̀, nítorí náà pípa irú àdìrẹ kan rẹ́ yóò mú kí PostgreSQL yẹ gbogbo ila_tita wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.